Ẹnu Tí A Fi Ń Sọ Ọ̀rọ̀ Àìsàn: Bí Olùtọ́jú Ṣe Lè Bá Aláìsàn Sọ Ohun Tó Dun Ni

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ nǹkan lórí ìtọ́jú aláìsàn, ohun tí ọ̀pọ̀ rò ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ni n óò sọ, ohun téèyàn lè jẹ àtèyí tí kò gbọdọ̀ jẹ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé àwọn ìyẹn ò ṣòro láti sọ. Èyí tó ṣòro ni ọ̀rọ̀ tí kì í fẹ́ jáde lẹ́nu: kí o sọ fún aboyún pé ọmọ inú rẹ̀ ti kú, kí o sọ fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko pé kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí o bi ọmọbìnrin kan léèrè bóyá ẹnì kan ti fipá bá a lò pọ̀. Òun ni mo fẹ́ kọ lé lórí. Kì í sì í ṣe dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ààfáà tí tọkọtaya wá bá lẹ́yìn ìrun, ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ nílé, olùkọ́ tó rí àpá lẹ́yìn ọmọ iléèwé, olùtọ́jú ni gbogbo wọn.

A kì í la irú ọ̀rọ̀ báyìí mọ́lẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀nná ń pa èèyàn, àwọn baba wa ò jẹ́ dárúkọ rẹ̀. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná, títí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1980. Ọba kì í kú, ó wàjà ni. Èmi ò bá àṣà yìí jà, nítorí pé ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, àánú náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a fi aṣọ bo ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí kí a gbé ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹni tí a gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pamọ́ fún, báwo ni yóò ṣe tọ́jú ara ọ̀hún?

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àṣà òyìnbó ni kí a máa sọ òtítọ́ àìsàn lójú aláìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Lọ́dún 1961, dókítà kan tó ń jẹ́ Donald Oken bi àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá rí àrùn jẹjẹrẹ lára ẹnì kan. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 90 ló ní àwọn kì í fẹ́ sọ fún un. Òyìnbó nìyẹn o! Lọ́dún 1979 tí àwọn mìíràn tún béèrè irú ìbéèrè kan náà, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn á sọ. Ní bí ọdún méjìdínlógún péré ni wọ́n yí padà, torí oògùn ti pọ̀ sí i, àwọn aláìsàn fúnra wọn sì ti ń béèrè. Lọ́dún 2000 ni Walter Baile àti Robert Buckman pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní SPIKES, ìgbésẹ̀ mẹ́fà tí dókítà lè tẹ̀ lé bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ búburú. Mo ti kà á, ó dára. Ṣùgbọ́n mélòó nínú rẹ̀ ni ìyá àgbà tó mọ bí a ti ń túfọ̀ kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ké ikú lé ẹni tó jókòó sínú ilé. Á wọlé, á jókòó, á béèrè ara ilé, á wo ojú ẹni tó wá bá. Ilé ìwòsàn ni a ti gbàgbé èyí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àìsàn, torí ibẹ̀ ni ìpalára ti ń kọ́kọ́ wáyé.

Ọdún 1986 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní éèdì ní Nàìjíríà. Kò sí oògùn kan tó ká a lọ́wọ́ kò nígbà náà, ni a bá sọ ọ́ ní àrùn kògbóògùn. Orúkọ náà bá ìgbà yẹn mu. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ nínú ẹbí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, jókòó síwájú àwọn oníròyìn tó sì sọ ọ́ gbangba pé àrùn yìí ló wà lára àbúrò òun, Fẹlá, kó tó kú. Lójú tèmi, ìjókòó kan ṣoṣo yẹn ṣiṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ pátákó tí wọ́n rì sójú títì lọ.

Nísinsìnyí ńkọ́? Oògùn wà. Ẹni tó ń lò ó déédéé lójoojúmọ́ lè dàgbà, kó darúgbó. Bí oògùn bá ti tẹ kòkòrò náà rì débi tí àyẹ̀wò ò fi rí i nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, kò ní fi ìbálòpọ̀ kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀. Ìyá tó ní i ń bí ọmọ tí kò ní i. Síbẹ̀ orúkọ àtijọ́ ló ṣì wà lẹ́nu wa. Ẹ wá wò ó: nọ́ọ̀sì á ní, "Bàbá, àrùn kògbóògùn ló wà lára yín," kó tó wí bẹ́ẹ̀ tán, á tún ní, "Ẹ gba oògùn yìí, ẹ máa lò ó lálaalẹ́." Oògùn kí ni fún ohun tí kò gbóògùn? Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti pa èkejì. Bàbá yẹn á gbé oògùn sínú àpò, á dé ọ̀nà, á dà á nù, á sì gba ilé babaláwo tàbí ti ẹlẹ́bọ lọ. Ẹ pè é ní HIV. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé, ẹ ní kòkòrò kan ni tó ń bá àwọn ọmọ ogun ara jà, oògùn sì wà tó ń dè é mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fòníkú-fọ̀ladìde tí a ń pe àrùn àwọn ọmọ SS. Ẹni tó sọ orúkọ yẹn kò purọ́, torí ohun tó rí ló sọ: ọmọ tó ń jẹ̀rora lánàá tó tún ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré lónìí. Àmọ́ ẹ rántí pé ọmọ náà ń gbọ́ o! Ẹ máa wí i létí ọmọ ọdún méje pé òkú òní ni. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń bẹ níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ nìkan ń lé ará ilé jáde, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́fà ni èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà láti wò sàn pátápátá bí ènìyàn bá lo oògùn rẹ̀ pé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ SS yìí, torí àwọn ààfáà wa ló ń bá pàdé jù. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, èyí tí kì í ṣe àìsàn rárá. Kò wá ṣòro kí AS méjì pàdé, kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Wọ́n á ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n á ti tẹ ìwé ìpè, wọ́n á ti ra aṣọ ẹbí, kí ẹnì kan tó rántí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á gbé ìwé àyẹ̀wò wá síwájú ààfáà pé kí ó wí tirẹ̀.

Ohun tí mo rí tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni ọ̀kan nínú méjì. Àwọn kan á ní, "Ẹ túká lónìí, ẹ má tún rí ara yín mọ́." Àwọn kan á ní, "Ẹ fi àdúrà sí i, Ọlọ́run tóbi." Àwọn méjèèjì ti sáré ju. Kò sí èyí tó tíì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe ní ibòmíràn tó ṣeé gbọ́kàn lé, torí àṣìṣe ń wà nínú àyẹ̀wò yìí, ó sì ti tú ìfẹ́ ká lásán rí. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè: "Kí lẹ ti gbọ́ nípa AS àti AS?" Ẹ ó yà lẹ́nu. Èyí tí mo gbọ́ jù ni pé, "Wọ́n ní nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ló máa jẹ́ SS. Mẹ́ta la máa bí, a ò ní bí ìkẹrin."

Àṣìgbọ́ yìí ti fi ojú ọ̀pọ̀ òbí rí màbo. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ọkàn ya àwòrán ọmọ ayò mẹ́rin nínú igbá. A fi ṣọ́ọ̀kì kun ẹyọ kan funfun, SS nìyẹn. Ẹyọ kan jẹ́ AA, méjì tó kù jẹ́ AS. Ẹ di ojú yín, ẹ mú ẹyọ kan: oyún àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ wá dá a padà sínú igbá, kí ẹ tó mú òmíràn fún oyún kejì. Igbá náà kò rántí ohun tí ẹ mú tẹ́lẹ̀. Ènìyàn lè mú funfun lẹ́ẹ̀mẹta léra, ó sì lè mú un lẹ́ẹ̀mẹwàá kó má kan funfun rárá. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, mo máa ń dákẹ́. Mi ò ní sọ ohun tí wọ́n á ṣe fún wọn. Èmi kọ́ ni n óò gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lóru, èmi náà kọ́ ni n óò fi olólùfẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń yàn, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹni tó jẹ́ SS kò ní ayé láti gbé. Àwọn SS wà tí wọ́n jẹ́ amòfin, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́, tí wọ́n ti di ìyá àgbà.

Èyí tó le jù nínú iṣẹ́ tèmi ni ọmọ tó kú sínú. Obìnrin á wá, á ní òun ò mọ̀ ọ́n kó máa yí mọ́ láti àná. Nọ́ọ̀sì á gbé ohun èlò sí i nínú, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ojú nọ́ọ̀sì á yí padà, obìnrin náà á ti rí i. Ẹ má wá dá a dá ẹ̀rù yẹn. Ohun tí a ń sọ ni: "Mà á, mi ò tíì gbọ́ ìró ọkàn ọmọ. Mo ń pe dókítà kó wá fi ẹ̀rọ wò ó. Mò ń bọ̀ báyìí, mi ò pẹ́." Bí ẹ̀rọ bá sì ti fi hàn, kí ẹni tó máa sọ ọ́ jókòó, kó sọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú: "Mà á, ó dùn mí láti sọ ọ́. Ọmọ náà ti kú." Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọba kì í kú ni. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà gan-an la gbọ́dọ̀ lò. Bí ẹ bá ní, "Ó ti lọ," obìnrin tí ẹ̀rù ti bà lè ní, "Lọ síbo?" Ẹ ní, "Kò sí mọ́," ó lè rò pé wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dákẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń ṣòro fún wa, torí Yorùbá kì í fẹ́ kí ẹkún pẹ́ nílẹ̀. Kò tíì gbọ́ tán tí ẹnì kan á ti ní, "Ẹ má sunkún mọ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, kò burú, ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe wákàtí àkọ́kọ́. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ohun tí ìyá náà gbọ́ ni pé omi lásán ni ọmọ òun. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Bí ẹ bá lè dì í lọ́wọ́ mú, ẹ dì í mú.

Nǹkan mẹ́ta tún wà tí a kì í sọ, tó sì yẹ kí a sọ. Ẹ bi í bóyá á fẹ́ rí ọmọ náà. Ní tiwa, kíákíá la máa ń dì í tí bàbá á gbé e lọ sin, ìyá ò ní fojú kàn án. Ìyá mìíràn ò fẹ́ rí i lóòótọ́, ẹ má fi dandan mú un. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wà tí wọ́n ti bi mí lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé, "Nọ́ọ̀sì, ta ló jọ?" Èkejì, bí ibùsùn mìíràn bá wà, ẹ má tẹ́ ẹ sáàárín àwọn tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ̀kẹta, ẹ sọ fún un kó tó lọ sílé pé omi ọmú máa wá ní bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Obìnrin tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ ṣàdédé tutù láàárín òru láìsí ọmọ nílẹ̀, ìyẹn lè dá a padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́.

Wàyí o, àwọn ẹbí. Ọmọ aláìsàn á pe dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún Màmá pé jẹjẹrẹ ni. Ẹ bá wa sọ pé ọgbẹ́ inú ni. Bó bá gbọ́, á pa á." Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òfin ètò ìlera ti ọdún 2014, ní abala 23, sọ pé kí olùtọ́jú ṣàlàyé ipò ìlera fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, ní ọ̀nà tó bá ìwọ̀n ìmọ̀ ìwé rẹ̀ mu, àfi bí ìdí gidi bá wà pé sísọ rẹ̀ lè pa á lára. Abala 26 sì ní kí a pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Màmá ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ bi ọmọ yẹn pé kí ló ń bà á lẹ́rù gan-an. Kí ẹ wá bá Màmá nìkan jókòó, kí ẹ ní: "Màmá, kí lẹ̀yin fúnra yín rò pé ó ń ṣe yín?" Ẹ fi sùúrù dúró. Lẹ́yìn náà: "Èsì àyẹ̀wò ti dé. Ṣé kí n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún yín, àbí ẹnì kan wà tí ẹ fẹ́ kí n bá sọ ọ́?" Àwọn àgbà kan á ní, "Ẹ bá àkọ́bí mi sọ ọ́, ohun tó bá ní kí n ṣe ni n óò ṣe." Ẹ̀tọ́ wọn nìyẹn náà, òun ló sì yàn án. Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé jẹjẹrẹ ni? Mo ti mọ̀. Àwọn ọmọ yìí ni mi ò fẹ́ kó mọ̀."

Ẹ ò rí i? Ilé kan náà, ìyá ń fi pamọ́ fún ọmọ, ọmọ ń fi pamọ́ fún ìyá, kálukú ń sunkún sórí ìrọ̀rí tirẹ̀. Gbèsè wà tí ìyá fẹ́ san, àdéhùn wà tó fẹ́ sọ, ẹnì kan wà tó fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìyẹn nílò àkókò, àkókò ọ̀hún ni irọ́ ọgbẹ́ inú ń jẹ.

Ọmọ kékeré tí a fi ṣe ògbufọ̀ ńkọ́? Mo ti rí i tí wọ́n ní kí ọmọ ọdún mọ́kànlá túmọ̀ ọ̀rọ̀ ilé ọmọ tó fẹ́ gé fún ìyá rẹ̀, torí dókítà ò gbọ́ Yorùbá. Ẹ wá àgbàlagbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má dúró lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ké pe orúkọ pẹ̀lú àìsàn. Yàrá kékeré kan tó ní ilẹ̀kùn tó, bí ò bá sì sí yàrá, abẹ́ igi tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni ni mo fẹ́ kí àwọn ààfáà gbọ́ dáadáa. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni òfin ti ka ìgbìyànjú rẹ̀ sí ọ̀ràn nílẹ̀ yìí, ìyẹn wà lára ohun tó ń di ènìyàn lẹ́nu. Èkejì ni ìwàásù. Ẹni tó wá sọ pé ayé sú òun, bó bá jẹ́ ọ̀run àpáàdì lẹ kọ́kọ́ kà sí i létí, kò ní sọ ìyókù. Ẹ bi í tààrà: "Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ pa ara yín?" Bíbéèrè rẹ̀ kì í fi èrò yẹn síni lọ́kàn, ìwádìí ti fi èyí hàn, èmi náà sì ti rí i tí ejìká ẹni náà ń sọ̀ kalẹ̀ torí ẹnì kan ti dárúkọ rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè bóyá ó ti ní ohun tó fẹ́ lò. Ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá ti wà láti 1907, ti Àrò ní Abẹ́òkúta láti 1954, ibẹ̀ kì í ṣe ti wèrè ìgboro nìkan.

Ní ti ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, àkókò ni ohun gbogbo. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, èyí tó ń dènà oyún láàárín ọjọ́ márùn-ún, àwọn méjèèjì ló sì dára jù bó bá yá. Bí ìbéèrè yín àkọ́kọ́ bá jẹ́, "Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?" ẹ ti fi wákàtí ṣòfò, ó ṣeé ṣe kó má tún la ẹnu mọ́. Ẹ ní, "O ṣeun tó o sọ fún mi. Mo gbà ọ́ gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Kí ẹ sì dìde. Ní Èkó, Mirabel Centre tó wà nínú ọgbà LASUTH ní Ìkẹjà ń tọ́jú irú wọn láti ọdún 2013.

Ó ku ìparí ìjókòó, ibi tí olùtọ́jú ti máa ń sáré. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ búburú kì í gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹ lè fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé oògùn, kó má mú ẹyọ kan relé. Nítorí náà ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ tún ohun tó gbọ́ sọ fún yín, kì í ṣe bí ìdánwò iléèwé. Ẹ kọ orúkọ àìsàn, orúkọ oògùn àti ọjọ́ tó máa padà wá sórí ìwé pélébé kan. Bí kò bá mọ̀wé, ẹ béèrè ẹni tó fẹ́ kó kà á fún òun, torí ìwé yẹn náà lè tú àṣírí. Ẹ béèrè ẹni tó máa sin ín délé, ohun tó máa sọ bí wọ́n bá bi í níbẹ̀ pé, "Kí ni dókítà wí?" Kí ọjọ́ tó máa padà wá yẹn má sì jìnnà. Ọjọ́ mẹ́ta tó. Ìgbà yẹn ni àwọn ìbéèrè gidi máa ń wá.